Ọ́ìlì Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Háíbíríìdì Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe irú èyí tí a sábà máa ń gbọ́ láti orí àga ìwàásù, síbẹ̀ ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé onígbàgbọ́ tí mo mọ̀, ó sì ń jẹ owó tí ìbá jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni: ṣé sìǹtẹ́tíìkì ni kí a máa rà fún ọkọ̀ háíbíríìdì, àbí ọ́ìlì lásán tí gbogbo wa ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́?

Ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó N200 tẹ́lẹ̀ fò sókè di nǹkan bí N500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá N1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Láti ìgbà náà ni ojú àwọn ènìyàn wa ti là sí ọkọ̀ tí ó ń lo epo àti iná pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní háíbíríìdì. Kì í ṣe ohun tuntun láyé. Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ta Toyota Prius ní ọdún 1997, ó sì dé ọjà Amẹ́ríkà ní ọdún 2000. Èyí tí ó jáde ní ọdún 2010, nínú ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe, ń rin máìlì 50 lórí gálọ́ọ̀nù kan, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 21 lórí lítà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ti ń ra epo fún ọkọ̀ jíìpù yóò mọ̀ pé kékeré kọ́ ni ìgbàlà yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí a jèrè nílé epo, a lè fi ọwọ́ ara wa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Tọkọtaya kan nínú ìjọ wa ra Prius ọdún 2011 pẹ̀lú owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọkọ ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó sì ń fi í kó ọjà ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí àsìkò sáfíìsì tó, mẹkáníìkì tí ó ti ń tọ́jú ọkọ̀ wọn láti ayé Peugeot ní kí wọ́n ra 20W-50, nítorí pé ó ki, ooru ilẹ̀ wa kò sì gba ọ́ìlì tí ó ṣàn bí omi. Àbúrò ìyàwó pè láti London, ó ní sìǹtẹ́tíìkì 0W-20 ni, kò sí ohun mìíràn. Ọkọ fara mọ́ ti àna rẹ̀. Ìyàwó, tí ó mọ iye tí ó kù nínú ilé, fara mọ́ ti mẹkáníìkì. Ó di ariwo.

"Dádì, ẹ bá mi bi wọ́n," ni arábìnrin náà wí fún mi, "ṣé wúrà ni wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì yẹn ni?"

Mo béèrè bóyá ìwé tí ó bá ọkọ̀ náà wá ṣì wà níbẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ wò ó rí. Ó wà nínú àpótí kékeré tí ó wà níwájú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìwé yẹn ni ọ̀gá nínú ọ̀ràn yìí, ju mẹkáníìkì lọ, ju àbúrò tó wà ní London lọ, ju pásítọ̀ náà lọ. Ó ti dá ẹjọ́ náà kí ọkọ̀ náà tó dé èbúté Tin Can rárá.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ KẸ́Ẹ̀GÌ

Ọ́ìlì lásán ni èyí tí a fọ̀ jáde láti inú epo rọ̀bì. Wọ́n yọ ìda àti ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì po àwọn kẹ́míkà mọ́ ọn kí ó má baà tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n wóró inú rẹ̀ kò dọ́gba. Ó dà bí gaàrí tí a fi asẹ́ olójú ńlá sẹ́: èyí tó tóbi wà níbẹ̀, èyí tó kúnná wà níbẹ̀. Èyí tó kéré jù máa ń tètè gbẹ nínú ooru, èyí tó tóbi jù a sì máa lọ́ra láti ṣàn nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì bá tutù. Sìǹtẹ́tíìkì ni èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fúnra wọn to wóró rẹ̀ jọ, tàbí tí wọ́n tún fọ̀ lọ́nà tó jinlẹ̀ títí wóró náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nítorí náà ni ó fi ń yára ṣàn láàárọ̀, tí kì í sì í tètè jóná lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà fi orúkọ tàn yín jẹ. Ní ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Mobil fi ẹjọ́ Castrol sùn ní Amẹ́ríkà níwájú ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó ìpolówó ọjà, pé epo rọ̀bì tí a fọ̀, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó, kò yẹ ní ohun tí à ń pè ní sìǹtẹ́tíìkì. Ìgbìmọ̀ náà dá Castrol láre. Láti ìgbà náà wá, kẹ́ẹ̀gì méjì lè jọ máa jẹ́ orúkọ yìí, kí ọ̀nà tí a gbà ṣe ohun tó wà nínú wọn má sì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi ojú wo nọ́ńbà kí wọ́n tó wo lẹ́tà gàdàgbà iwájú kẹ́ẹ̀gì.

Nọ́ńbà tí ó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì náà ti ń ṣàn sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. W dúró fún ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. Bí nọ́ńbà náà bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì náà ń yára tó. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ń sọ bí ó ti ki tó nígbà tí ó bá gbóná dé ìwọ̀n 100 Sẹ́ńtígíréèdì. Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ wá àmì róbótó tí wọ́n kọ API sí lára. Lẹ́tà SN jáde ní ọdún 2010, SP ní ọdún 2020, SQ sì tẹ̀lé e ní ọdún 2025. Fún ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù, èyí tí ó dé kẹ́yìn lè dípò èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì kan kò bá ní àmì yìí, tí ẹni tí ń tà á sì ń búra fún yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "A kò ní yìnyín ní Ìbàdàn, kí ló wá kàn wá pẹ̀lú òtútù?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n lójú ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru tí ó tó nǹkan bí 90, òwúrọ̀ wa tí ó jẹ́ 25 òtútù ni. Ní àkókò yẹn 20W-50 ń wọ́ bí oyin, 0W-20 sì ti dé orí ẹ́ńjìnnì.

ÌDÍ TÍ HÁÍBÍRÍÌDÌ FI YÀTỌ̀

Nínú ọkọ̀ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, a ó tan án láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa ṣiṣẹ́ títí a ó fi dé ibi tí à ń lọ. Ti háíbíríìdì kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín Ojodu Berger sí Ojota, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ́ńjìnnì lè kú kí ó sì tún jí fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹni tí ń wà á má tilẹ̀ fura. Ìgbàkígbà tí ó bá ń jí, mọ́tò iná ńlá kan ni ó ń yí i lójijì. Ó ti ń yí ní nǹkan bí 1,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan kí epo tó gbiná nínú rẹ̀. Ọ́ìlì tí ó lọ́ra kò ní àyè níbẹ̀.

Ohun kejì ni pé ẹ́ńjìnnì tí ń sinmi lóòrèkóòrè kì í gbóná pẹ́. Omi tí ó ń sẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì àti ìwọ̀nba epo tí kò jóná tán a máa sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì, wọn kì í sì í rí ooru tí ó tó láti gbẹ. Bí ẹ bá ṣí ọmọrí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, tí ẹ rí ohun funfun bí ògì lára rẹ̀, omi ni. Bí ó bá kéré, ìrìn kúkúrú ló fà á. Bí ó bá pọ̀, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín, ẹ má ṣe sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti jó. Nítorí náà, àwọn tí ń sọ pé níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ti ń sinmi, ọ́ìlì rẹ̀ yóò pẹ́ ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ, wọn kò rò ó dé ìdí.

Ní ti ooru ilẹ̀ wa tí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì fi ń gbè lẹ́yìn ọ́ìlì tó ki, ẹ jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́. Ohun kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí à ń pè ní tẹmositáàtì. Òun ló ń mú kí omi inú ẹ́ńjìnnì wà ní ìwọ̀n ooru kan náà, ìbáà ṣe ní Kánò tàbí ní Kánádà. Ooru òde kọ́ ló ń pàṣẹ. (Àwọn kan a máa yọ tẹmositáàtì yìí sọnù pé kí ọkọ̀ má baà gbóná. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún háíbíríìdì yín, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í fẹ́ sinmi bí kò bá tíì gbóná tó, gbogbo epo tí ẹ torí rẹ̀ rà á ni yóò sì jó lọ.) Ọ́ìlì 20W-50 kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ó sin àwọn bàbá wa dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì tí àyè àárín irin rẹ̀ gbòòrò. A kò kàn ṣe é fún ti òde òní ni.

KÍ WÁ NI KÍ A RÀ?

Èyí dúró lórí ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ Prius ti Amẹ́ríkà láti ọdún 2004 sí 2009, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.5, ohun tí ìwé rẹ̀ ń fẹ́ ni 5W-30, nǹkan bí lítà 3.7 pẹ̀lú fìlítà, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo máìlì 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà. Ọ́ìlì lásán tí ó jẹ́ 5W-30, tí ó ní àmì API tí kì í sì í ṣe ayédèrú, tó fún un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dójú ti arákùnrin tí ó ń rà á. Mo ti rí ẹni tí ó yá owó ra sìǹtẹ́tíìkì nítorí ohun tí ẹgbẹ́ yóò sọ, tí ó sì wá lò ó fún ọdún kan àbọ̀ láìpààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ra ọ́ìlì lásán tó ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò sàn jù ú lọ fíìfíì.

Bí ó bá jẹ́ ti ọdún 2010 sí òkè, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.8, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìwé rẹ̀ sọ 0W-20, lítà 4.2 pẹ̀lú fìlítà. Bí a kò bá rí i, ó gbà kí a lo 5W-20, ṣùgbọ́n kí a padà sí 0W-20 nígbà tí a bá tún fẹ́ pààrọ̀. Ó sì ṣòro púpọ̀ láti fi epo rọ̀bì lásán ṣe 0W-20. Èyí tí ẹ bá rí lọ́jà, sìǹtẹ́tíìkì ni tàbí èyí tí a pò ó mọ́. Nítorí náà fún ọkọ̀ yìí, ẹni tó bá tẹ̀lé nọ́ńbà ti mú sìǹtẹ́tíìkì. Àbúrò tó wà ní London tọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá jókòó ṣírò owó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti kọ́ wa nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ nínú Lúùkù 14:28. Iye tí n ó lò yìí, nítorí ìṣirò nìkan ni, nítorí ọjà ń yí lójoojúmọ́. Kí a sọ pé ọkọ̀ ń rin kìlómítà 15,000 lọ́dún. Bí ọ́ìlì lásán bá jẹ́ N20,000, fìlítà N5,000, owó iṣẹ́ N5,000, N30,000 nìyẹn. Bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 5,000, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni, ó di N90,000. Bí sìǹtẹ́tíìkì bá jẹ́ ìlọ́po méjì, N40,000, pẹ̀lú fìlítà àti owó iṣẹ́ kan náà, N50,000 ni. Bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 8,000, kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, ó di N100,000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ N10,000 ní odindi ọdún. Èmi kò ní parọ́ pé sìǹtẹ́tíìkì dínwó, kò dínwó. Ṣùgbọ́n ìjà tí ó ń wáyé nínú ilé lórí rẹ̀ tóbi ju N10,000 lọ, ẹ́ńjìnnì tuntun sì tóbi ju méjèèjì lọ. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ ṣírò rẹ̀ lójú ìyàwó yín. Obìnrin tí ó rí i nínú ìwé kì í sábà jiyàn.

Ẹ ó bi mí pé ibo ni 8,000 ti wá. Ìwé ti ọdún 2010 yìí gbà pé kí 0W-20 pẹ́ dé máìlì 10,000 tàbí ọdún kan, ṣùgbọ́n ó ní kí a dín in kù sí máìlì 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà fún ọkọ̀ tí ó ń rìn nínú eruku, tàbí tí ìrìn rẹ̀ kúrú tí ẹ́ńjìnnì kì í fi í gbóná dáadáa. Ọkọ̀ wo ní ilẹ̀ wa ni kò sí nínú eruku? Máìlì 5,000 náà ni kìlómítà 8,000. Ẹ sì ṣọ́ra níbí yìí: púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù wọn ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Ẹni tó bá ń dúró dìgbà tí nọ́ńbà náà bá fi 8,000 kún un yóò ti rin nǹkan bí kìlómítà 12,900.

GÉÈJÌ ṢÁÁJÚ ÀDÚRÀ

Àwọn tó ni ẹ́ńjìnnì 1.8 yìí, pàápàá láti ọdún 2010 sí 2014, káàkiri ayé ni wọ́n ti ń kígbe pé ó ń mu ọ́ìlì bí ó bá ti dàgbà. Ìwé Toyota fúnra rẹ̀ sọ pé ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì lè mu kò gbọ́dọ̀ ju lítà kan lọ lórí kìlómítà 1,000. Ẹ fi èyí wé lítà 4.2. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá ń mu tó bẹ́ẹ̀, tí a kò sì fi kún un, ọ́ìlì rẹ̀ yóò ti tán pátápátá nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó pé kìlómítà 4,500. Iná pupa dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sì í tètè tàn. Nígbà tí ó bá tàn, ìdájọ́ ti dé. Òwe 27:23 ní kí olúwarẹ̀ mọ ipò tí agbo ẹran rẹ̀ wà. Lóde òní, ọkọ̀ wà nínú agbo náà.

Èmi gbàgbọ́ nínú gbígbé ọwọ́ lé ohun gbogbo, mo sì ti gbàdúrà sórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tí ń ké kọ́kọ́kọ́ wá, géèjì ni mo kọ́kọ́ máa ń ní kí wọ́n fà yọ. Èṣù kò ní ọwọ́ nínú ẹ́ńjìnnì tí ó gbẹ. Ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bóyá ní àárọ̀ Sátidé. Ọkọ̀ kí ó wà lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹ pa á pátápátá, kí iná READY kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí háíbíríìdì tí ó dákẹ́ lè jí fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé, ẹ dúró ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ fà á yọ, ẹ nù ún, ẹ tún ti í bọ inú rẹ̀, ẹ wá wò ó. Kí ó wà láàárín àmì méjèèjì. Ẹ má ṣe kún un kọjá àmì òkè, ìyẹn náà ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Bí ó bá ti ń mu ọ́ìlì, ṣé a lè lo èyí tí ó ki díẹ̀? Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé ọ́ìlì tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi díẹ̀ lè dára jù fún ọkọ̀ tí ń sáré gidigidi tàbí tí ń ru ẹrù tí ó wúwo jù. Lójú tèmi, ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó, tí ó lo sìǹtẹ́tíìkì 5W-30, kò jìnnà sí ọ̀nà. Láti ibẹ̀ dé 20W-50 jìn o.

Ní ti ayédèrú, ẹ mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń sẹ́ ọ́ìlì dúdú tí a ti lò, wọ́n ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gidi tí wọ́n rà lọ́wọ́ mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ṣa pàǹtírí. Ẹ ra ọjà yín ní ilé ìtajà tí ó ní àdírẹ́ẹ̀sì, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ wo ìdérí rẹ̀ bóyá èdìdì rẹ̀ kò tíì já. Ẹ dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dà á, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ lu kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ọmọ iṣẹ́ bá bẹ̀ yín pé kí ẹ fún òun, ẹ fún un ní owó dípò rẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n tú jáde kò gbọ́dọ̀ lọ sínú gọ́tà, nítorí kànga ẹlòmíràn wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Ohun kan kù tí àwọn mẹkáníìkì ń ṣì pọ̀ mọ́ èyí. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò kan gíà háíbíríìdì. Toyota ATF WS ni tirẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù inú Prius ọdún 2004 sókè, iná ńlá ló ń yí i, ọ́ìlì tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ND-11. Bí oníṣẹ́ amúlétutù bá rọ ọ́ìlì tí ó ń lò fún ọkọ̀ yòókù sínú rẹ̀, iná lè jò gba inú ọ́ìlì náà, ọkọ̀ yóò sì kọ̀ láti ṣíṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sórí ìwé pélébé kan, 0W-20 tàbí 5W-30 gẹ́gẹ́ bí ọdún ọkọ̀ yín, ATF WS, àti ND-11, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà máìlì tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i yóò ti kọ́kọ́ rí i.